Sàréè Tó Wà Lójú Títì

Ó ku díẹ̀ kí kọmíṣánnà wá wo títì ńlá tí ìjọba ń fi owó epo là kọjá ní Òkókómaikò, ibi kan ṣoṣo ló sì kù tí katapílà kò tíì gbà kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Akínwándé, ọ̀gá pátápátá níléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ọ̀nà mọ́. Ó mọ òfin ju bó ṣe mọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ.

Sàréè ló dá a dúró. Ẹ̀yìnkùlé Ìdírísù, tó ń lẹ táyà ní Ìyànà Ìbà, ni wọ́n sin Làtífù sí nígbà tí mọ́tò pa á. Ilé kejì ni Àwẹ̀ró, ìyá Làtífù, ń gbé, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí sàréè náà wà. Ta ni yóò fi sàréè ọmọ han ìyá? Àwọn aládùúgbò tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ, wọ́n panu mọ́, ìyá náà kò sì béèrè.

Bẹ́ẹ̀ òfin Akínwándé ni pé bí ẹbí òkú bá wá dúró ti sàréè, ìjọba yóò hú u, yóò sì tún un sin síbòmíràn. Sàréè tí ẹbí kò bá wá sí, katapílà yóò gorí rẹ̀.

Ìdírísù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú erùpẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo sin Làtífù. Ẹ jẹ́ kí n dúró nípò ìyá ẹ̀.”

“Ìwọ lo bí i?”

“Rárá sà. Àmọ́ ọmọ Yorùbá ni yín, ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni kí ìyá rí sàréè ọmọ.”

Akínwándé mọ̀ dáadáa. Ohun tó bí i nínú gan-an nìyẹn, kí ẹni tó ń lẹ táyà máa kọ́ òun ní àṣà lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ òun.

“Gófúmẹ́ǹtì ò ní èèwọ̀!”

Ibi tí wọ́n bá a dé nìyẹn tí Àwẹ̀ró fi yọ, agbọ̀n ata lórí. Ẹ̀yìnkùlé Ìdírísù ló ti máa ń sá ata. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, inú rẹ̀ ń dùn pé ẹni ńlá wá sí àdúgbò àwọn. Bí Ìdírísù ṣe yára dojú bolẹ̀ nígbà tó rí i ni Akínwándé fi mọ̀ pé ìyá òkú nìyí.

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ bí Làtífù?”

“Èmi ni, sà.”

“Ibi tí ẹ kúnlẹ̀ sí yẹn ni wọ́n sin ín sí. Ẹ dìde, kí wọ́n hú u, kí wọ́n ríṣẹ́ ṣe.”

Ìkà èèyàn! Ohùn téèyàn fi ń béèrè omi mímu ló fi sọ ọ́.

Àwẹ̀ró kò dìde. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ilẹ̀ náà lára.

“Ìdírísù, ọ̀gangan ibo lorí ẹ̀ wà?”

Ìdírísù bú sẹ́kún. Ó nawọ́ sí abẹ́ agbọ̀n ata. Ìyá náà rọra gbé agbọ̀n kúrò.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kọmíṣánnà ń bọ̀,” ni Akínwándé wí.

Àwẹ̀ró gbójú sókè wò ó. “Ṣé ìyá yín ń bẹ láyé, sà?”

“Wọ́n ń bẹ.”

“Ọlọ́run á dá wọn sí. Ẹ̀mí wọn á gùn títí wọ́n á fi mọ ibi tí wọ́n sin yín sí.”

Akínwándé wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bóyá ẹnì kan yóò bá òun sọ pé Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ìdírísù ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ẹni tó wà lórí katapílà pa ẹ́ńjìnnì, òun náà sì ṣe àmín.