Sílípáàsì Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Inokuma ní ìsun omi gbígbóná ìlú Yunokura ló gbé òun wá, ṣùgbọ́n Tsuruyo tó ni ilé ìgbàlejò mọ̀ pé ilé tí ọmọkùnrin Inokuma ti fẹ́ fẹ́yàwó ló wá yẹ̀ wò. Ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ lọ wò, bàbá ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tí ife bọ́ lọ́wọ́ Inokuma. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó parí síbẹ̀.

Alẹ́ lẹ́, Inokuma jáde láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wọ yàrá oúnjẹ. Lórí ẹní tí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà gùn, sílípáàsì rọ́bà aláwọ̀ ewé tí wọn kì í wọ̀ kúrò ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Wọ́n kọ ÌGBỌ̀NSẸ̀ gàdàgbà sí iwájú rẹ̀.

Ó jókòó.

“Màmá, ẹ wo ẹsẹ̀—” Chinami bẹ̀rẹ̀.

“Panu mọ́!” Tsuruyo sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí ọmọ rẹ̀. “Ṣé o fẹ́ dójú ti bàbá ọkọ rẹ ni?”

Tsuruyo dìde, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó wọ irú sílípáàsì náà bọ̀. Bí gbogbo ilé bá wọ̀ ọ́, ta ló ṣàṣìṣe? Ó ṣẹ́jú sí Genzo alásè.

“Màdáámù, ti obìnrin ló kù o.”

“Wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀!”

Genzo gbé ẹja wọlé nínú sílípáàsì olómi osùn, gìgísẹ̀ rẹ̀ wà níta. Chinami wọ èyí tó kù, ó ń bú ìyá rẹ̀ nínú.

Ìgbà náà ni Tsuruyo rí i: ẹsẹ̀ àna rẹ̀ ti ń yọ́ sílípáàsì náà tì sábẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà ti mọ̀! Ó wo ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rọra wọ tirẹ̀ padà.

“Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń jẹun ní Yunokura?”

Tsuruyo tẹrí ba títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. “Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Láti ayé àwọn ìyá wa ni.”

“Ilé tó mọ àṣà ni mo ń wá,” Inokuma wí. Ó fọwọ́ sí ìgbéyàwó náà kí ẹja tó tutù.

Lọ́jọ́ ìyàwó, Tsuruyo dé gbọ̀ngàn àwọn Inokuma nínú aṣọ ṣẹ́dà àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Gbogbo ẹbí ọkọ ti tò síbi oúnjẹ, àtàgbà àtọmọdé, pẹ̀lú sílípáàsì aláwọ̀ ewé tuntun lẹ́sẹ̀. ÌGBỌ̀NSẸ̀ ló wà lára gbogbo rẹ̀.

“Ká má baà ṣe ìyàwó wa bí àlejò,” Inokuma wí tìgbéraga-tìgbéraga.

“Màmá,” Chinami wí sí i létí, “ẹ̀yin lẹ dá àṣà sílẹ̀. Ó yá.”

Tsuruyo tẹrí ba fún àna rẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, níbo ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yín wà?”