Wáyà Tó Yí sí Òsì

"Fà á wò fúnra ẹ!" Mọ́ṣúdù na fépù, ẹ̀rọ eléèéfín tó ń fà dípò sìgá, sí Zikrullah ní ṣọ́ọ̀bù àwọn Zikrullah ní Benson.

Zikrullah fà á. Kí èéfín náà tó dé ọ̀fun ni ikọ́ ti gbé e. Adùn máńgòrò tí wọ́n rọ sínú táǹkì kò sí níbẹ̀ mọ́. Òórùn ìrọ̀rí tó jóná ló kù.

"Látàárọ̀ ni mo ti kúrò ní Ẹ̀pẹ́ torí ẹ," ni Mọ́ṣúdù, ẹlẹ́ja, ń ráhùn. "Mo ti búra fáwọn ọmọ mi pé mi ò ní fẹnu kan sìgá mọ́. Ṣé kí n padà sídìí ẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n wò ó."

Iṣẹ́ Zikrullah nìyẹn: kó tú táǹkì fépù, kó yọ wáyà tó ti jó, kó wé tuntun, kó sì ki òwú sínú ẹ̀. Wáyà wíwé yẹn ni wọ́n ń pè ní kọ́ìlì. Ó fi ẹ̀mú yọ ti Mọ́ṣúdù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tóun ṣẹ̀ṣẹ̀ wé. Wáyà kan náà ni, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yí sí ọ̀tún, èyí yí sí òsì. Inú abọ́ tí wọ́n ń kó èyí tí wọ́n bá ti wé tán sí lòun fúnra rẹ̀ ti mú un fún Mọ́ṣúdù. Ta ló wá wé e?

Yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, Adéṣínà nìkan ló ń wé kọ́ìlì níbẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun tí wọ́n jọ dá iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ara fu Zikrullah. Ṣebí Adéṣínà yìí ló ń sọ pé Ìmọ̀tà ti ń gbèrú, pé ó yẹ kéèyàn ṣí ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ kó oníbàárà lọ, ṣé kò ní kọ́kọ́ ba orúkọ jẹ́ ni? Ikú ilé nìyí, tòde kọ́.

Lẹ́yìn tí Mọ́ṣúdù gba òmíràn lọ, Zikrullah bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ Adéṣínà. Bíyẹn gba fóònù níta, á na etí. Bó rẹ́rìn-ín, á máa wò ó pé kí ló ń pa á lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ó ju wáyà sí i.

"Wé ọ̀kan kí n rí i."

Adéṣínà wo ojú rẹ̀, ó wo kọ́ìlì tó jóná lórí tábìlì. Ó wé e. Ó yí sí ọ̀tún.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣebi, ṣé kò lè yí ọwọ́ padà ni? Ohun tí Zikrullah ń rò nìyẹn. "Má wá lọ́la," ló sọ síta. "Jẹ́ n ro ọ̀rọ̀ wa wò."

"Ó dáa." Adéṣínà mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Bí kò ṣe jiyàn yẹn gan-an ló jẹ́ kí Zikrullah gbà pé ó jẹ̀bi.

Nígbà tó délé nírọ̀lẹ́, Toyyibah, ìyàwó rẹ̀, ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ Jamilah, ọmọ wọn. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Zikrullah dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń ránṣọ?"

Toyyibah yára pa abẹ́rẹ́ dà sọ́wọ́ kejì. "Ẹ káàbọ̀. Iṣẹ́ wẹ́wẹ́ nìkan ni mo ń fi í ṣe. Ní kékeré, aṣọ ni ìyá mi fi ń so ó mọ́ mi lára, kí n má baà fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Mi ò kì í jẹ́ kéèyàn rí i."

"Ìwọ lo wé kọ́ìlì inú abọ́ yẹn."

Ó doríkodò. "Lọ́jọ́ Sunday tí mo bá yín jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ni, tẹ́ ẹ lọ Ẹ̀pẹ́, tí Adéṣínà wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo rò pé mò ń dín iṣẹ́ yín kù ni. Òwú tán, mo bá yọ ti inú ìrọ̀rí. Adéṣínà rí wọn lọ́jọ́ kejì, ó kó wọn dànù, ó ní kí n fẹnu ara mi sọ fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí. Bóyá ó gbójú fo ọ̀kan ni."

Adéṣínà ti mọ̀, tó fi gbé ẹ̀bi ẹlẹ́bi lọ sílé! Ọ̀rọ̀ náà dun Zikrullah dé egungun. Síbẹ̀, ara tó ti fu kì í tètè rọ̀: láti ìgbà wo ni ìyàwó òun àti Adéṣínà ti jọ ń pa àṣírí mọ́ fún òun?

Toyyibah rí i lójú rẹ̀. "Bàbá Jamilah, ṣé ó ti wá kan èmi àti Adéṣínà báyìí?"

Ojú ti Zikrullah, ojú tì í gan-an. Ó ki ẹsẹ̀ padà sínú bàtà.

"Mú ìborí ẹ, ká jọ lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Èmi ni màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀." Ó ti ń ṣílẹ̀kùn. "Tá a bá fi pẹ́ níbí, màá fura sí Jamilah náà."