Táyà Líle ní Ọ̀nà Tampion

Bí ẹnikẹ́ni bá ti mú géèjì afẹ́fẹ́ táyà jáde níwájú Napari ní Savelugu, ẹ̀rín ló fi máa ń pa olúwarẹ̀. Ọwọ́ lòun fi ń wọn táyà ní tirẹ̀. Á fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a, á tẹ́tí, bó bá ti dún gbọin, á ní, "Ó yá, ẹ di ẹrù." Táyà tó bá rọ̀ díẹ̀, táyà ọ̀lẹ ló ń pè é. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń gun alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó ti fi kó sìmẹ́ńtì, àgbàdo, èso ẹ̀mí tí wọ́n fi ń ṣe òrí, màlúù tó rọ lẹ́sẹ̀, kí ni kò tíì kó? Táyà rẹ̀ kò bẹ́ rí. Ìyẹn ló kó sí i lórí tó fi ń wàásù táyà líle kiri, títí àwọn ará abúlé ọ̀nà Tampion fi mọ ìwàásù náà sórí.

Ní ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn ìkórè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Sanatu, ní kó bá òun gbé ẹrù ìyàwó lọ sí Tampion. Wumpini, ọmọ Sanatu, ti wà nílé ọkọ láti ọjọ́ mẹ́jọ, ó padà wá kó àwo rẹ̀ ni. Àwo yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lọ́dọ̀ wọn o. Láti ìgbà tí ọmọbìnrin bá ti ń rá ni ìyá rẹ̀ ti ń ra àwo pa mọ́ fún un. Lọ́jọ́ tí ẹrù náà bá wọlé ọkọ, àwọn obìnrin ilé yóò tú u sílẹ̀ láàárín agboolé, wọn yóò gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, wọn yóò kà á kí gbogbo ayé gbọ́. Ohun tí wọ́n bá rí lọ́jọ́ náà ni wọn yóò fi mọ irú ìyá tó bí ìyàwó àti irú ọwọ́ tí ìyàwó ní. Ìyá fúnra rẹ̀ kì í bá ẹrù lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sanatu fi ṣa èso ẹ̀mí nínú igbó, tó fi ra tirẹ̀.

"Napari, àbúrò mi," ó ní, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, "ojú mi lo ń gbé lọ yẹn o."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn ni màá gbé e."

Wọ́n kọ́kọ́ dúró lọ́dọ̀ Àfáà Zibrim, bàbá arúgbó tó ń lẹ táyà lábẹ́ igi máńgòrò létí títì. Sìmẹ́ńtì ni Napari kó lánàá, nítorí náà táyà ẹ̀yìn méjèèjì ṣì wà ní àádọ́ta lórí géèjì. Ẹrù Wumpini wá ga ju orí awakọ̀ lọ: páálí lórí páálí, abọ́ dígí onídèérí, àwo tánganran olódòdó, ìkòkò tí wọ́n to wọnú ara wọn. Napari wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀, ó ní ẹrù gíga báyìí, àfi kí táyà gba afẹ́fẹ́ sí i.

"Pé ẹrù ga kò ní kó wúwo," Àfáà Zibrim ní. "Òfìfo ló pọ̀ nínú eléyìí. Jẹ́ kí n yọ afẹ́fẹ́, kí ẹ̀yìn kù sí ọgbọ̀n, kí iwájú sì dín díẹ̀ sí i. Táyà tó le lábẹ́ ẹrù fúyẹ́, fífò ló máa fò. O ṣáà mọ bí ọ̀nà Tampion ṣe rí."

"Àfáà, ṣé ẹ fẹ́ kí n wọ́ dé Tampion bí ìgbín ni? Ọjọ́ orí ti dé sí yín."

Àwọn awakọ̀ méjì tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà kò bínú.

"Ó dáa. Ṣáà fi géèjì wò ó."

"Géèjì mi rèé." Napari na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi gbá táyà, ó dún gbọin. Ó gba ẹnu ọ̀pá afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ bàbá náà, ó tún fẹ́ ẹ sí i fúnra rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí àwọn awakọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Wumpini ti gòkè, ó jókòó sáàárín àwọn páálí rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì gbá wọn mú. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò tọ́ ọ láti máa dá sí ọ̀rọ̀ àgbà.

Títí tí wọ́n fi wà lórí ọ̀dà, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Ìgbà tí wọ́n yà sórí ilẹ̀ pupa ni wàhálà dé. Ojú ọ̀nà náà jẹ́ ebè wẹ́wẹ́, ebè wẹ́wẹ́, alùpùpù náà sì ń ta pọ́ún pọ́ún bí ẹlẹ́ńgà. Ìdí Napari gan-an kò fara balẹ̀ lórí àga. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí nǹkan fi dún ṣìn-ìn lẹ́yìn.

"Bàbá!" Wumpini pariwo. Bàbá ló máa ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ yìí. "Ẹ rọra o! Nǹkan fọ́!"

"Ìdérí ìkòkò ló ń kan ara wọn! Má mikàn, táyà wa le!"

Irọ́ ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni bó ṣe ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìkòkò kì í dún bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí kò dúró? Ẹ bá mi bi í. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni yóò gbà á láti sọ̀ kalẹ̀, kó fi igi ìṣáná tẹ ẹnu táyà, kí afẹ́fẹ́ jáde fùú, kí wọ́n máa lọ jẹ́jẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá yọ afẹ́fẹ́, a jẹ́ pé Àfáà Zibrim ló gba ẹ̀yẹ. Níbi tó ti ń rò ó, ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ àárọ̀ yẹn sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kígbe pé, "Napari Táyà Líle!" Napari juwọ́ sí i, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn rẹ̀ tún dún ṣìn-ìn. Ó dín iré kù, kò mú nǹkan kan wá, fífò náà ni. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin sókè kí etí rẹ̀ má baà gbọ́ ẹ̀kẹrin. Wumpini kò pè é mọ́.

Wọ́n dé Tampion kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìyá Azara, ìyá ọkọ Wumpini, ti kó àwọn obìnrin ilé jọ, ẹní ti wà nílẹ̀. Wọ́n fi omi ìyẹ̀fun jéró tí àlejò máa ń mu pàdé Napari, wọ́n ń kí i kú ewu ọ̀nà. Wọ́n tú okùn. Páálí àkọ́kọ́, ìkòkò ni, wọ́n gbé e sókè, wọ́n kà á, wọ́n hó yèè. Wọ́n ṣí èkejì. Obìnrin tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ fa ọwọ́ yọ kíá, ẹ̀jẹ̀ ti wà lórí ìka rẹ̀.

"Subuhánà!"

Nínú abọ́ dígí méjìlá, mẹ́rin ló kù. Àwo tánganran olódòdó, èyí tí Sanatu lọ rà ní Tamale lọ́dún tí Wumpini wọ ilé ẹ̀kọ́, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n ń gbé àfọ́kù sórí ẹní, ẹnikẹ́ni ò kà mọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ẹ̀rín ṣáà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló di ẹrù yìí?" Ìyá Azara béèrè. Kò fi ìbínú bi í, ìyẹn gan-an ló burú jù.

Napari la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó ti fẹ́ jáde. Àfi bó ṣe gbọ́ ohùn Wumpini lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní, "Èmi ni, mà. Màmá mi ní kí n fi aṣọ sáàárín wọn. Oorun ló ń kùn mí, n kò fi sí i dáadáa."

Ó ti kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀. Kò wo Napari rárá. Irọ́ gbáà ni, nítorí pé ojú Napari ni òun àti ìyá rẹ̀ ṣe fi aṣọ wé àwo náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Háà, ìyàwó wa Ọlọ́wọ́-yíyọ̀!" obìnrin tí dígí gé ní ìka wí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín wàyí, inú wọn dùn pé ọ̀rọ̀ ti di àwàdà. "Ọlọ́wọ́-yíyọ̀, a ò ní jẹ́ kí o gbé ọmọ wa o!"

Napari pa ẹnu rẹ̀ dé. Ojú tì í gan-an, síbẹ̀ ó jókòó síbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wakọ̀ dáadáa, wọ́n fún un ní ẹtù kan, ó gbà á. Ẹ gbọ́, ó gbà á. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.

Sanatu ti gbọ́ lórí fóònù kí Napari tó dé Savelugu. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí àwo wà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, ó ń sunkún.

"Kì í ṣe àwo ni mò ń sunkún sí," ó ní. "Wọ́n ti fún un lórúkọ. Ọmọ tí mo fara balẹ̀ tọ́, wọ́n ní kò mọ àwo dì. Napari, ṣebí ojú ẹ la ṣe dì í? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti táyà, ti Àfáà Zibrim, ti ìró tó ń gbọ́ àti orin tó ń kọ. Ó sọ pé òun wà níbẹ̀ nígbà tí ọmọ kúnlẹ̀. Sanatu fi etí aṣọ nu ojú.

"Ṣé èmi ni mo fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́?" ó ní. "Àwọn tó yẹ kó gbọ́ wà ní Tampion."

Napari kò jẹun. Ó fi ẹtù sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Àfáà Zibrim lọ, ó ní kó yọ afẹ́fẹ́. Bàbá náà fi géèjì wò ó, ó yọ ọ́ dé ọgbọ̀n, kò sọ pé òun ti wí fún un. Ì bá sàn kó sọ ọ́. Alùpùpù náà wá ń gun orí ebè ọ̀nà Tampion jẹ́jẹ́, ike omi tó so mọ́ ẹ̀yìn kò tiẹ̀ mì. Gbogbo ibùsọ̀ tó ń kọjá ló ń sọ fún un pé ọ̀nà yìí ṣe é rìn lówùúrọ̀, àwo ì bá dé láìfọ́ kan. Ó ń bú ara rẹ̀ sókè bó ṣe ń lọ.

Ó bá wọn láàárín agboolé, gbogbo àwọn obìnrin náà àti Bàbá Mumuni, bàbá ọkọ. Ó lóṣòó níwájú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bi Wumpini kọ́. Èmi ni. Mo fẹ́ táyà jù. Àwo ń fọ́ lójú ọ̀nà, mo ń gbọ́ ọ, n kò dúró. Ọmọ náà pè mí pé kí n rọra. Mo sì jókòó síbí lówùúrọ̀, mo ń wò ó tó ń gbé e fún mi."

Bàbá Mumuni ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìfẹ́ ni.

"Napari, afẹ́fẹ́ ló fọ́ àwo? Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ fún gbogbo wa níbí pé táyà líle ni táyà? Èmi gan-an, tìẹ ni mò ń tẹ̀ lé."

"Irọ́ ni mo ń pa nígbà yẹn, bàbá. Wàláhì."

"Ẹ wo ọkùnrin!" Ìyá Azara pàtẹ́wọ́. "Ó rin ọ̀nà yìí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ kó lè wá ba ara rẹ̀ lórúkọ jẹ́ nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀yin obìnrin, ta ló ní irú àbúrò ìyá báyìí nínú yín?"

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Bó ṣe ń búra tó ni wọ́n ń yìn ín tó. Wọ́n tún gbé omi ìyẹ̀fun jéró fún un, ó gbé e sílẹ̀ láìmu, ó dìde.

Wumpini sìn ín dé ibi alùpùpù.

"Sọ fún wọn," Napari bẹ̀ ẹ́. "Tí ìwọ náà bá sọ ọ́, wọ́n á gbà."

"Mo ti sọ̀rọ̀ níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan lónìí, bàbá. Tí mo bá yí i padà, wọ́n á ní ìyàwó àwọn kò mọ àwo dì, ó tún ń purọ́." Kò fi ìkanra sọ ọ́. "Ẹ máa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ bá mi kí màmá mi."

Wọ́n pè é láti inú agboolé, àwọn tó pè é ń rẹ́rìn-ín, wọn kò ní ibi lọ́kàn.

"Ọlọ́wọ́-yíyọ̀! Wá bá wa gbé ìkòkò!"

"Mo ń bọ̀, mà," Wumpini dáhùn, ó sì wọlé lọ.