Píìnì Ẹnu Ìyá Aránṣọ

"Màámi, wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ jìnnà síbí, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun tipẹ́."

Ọmọ náà mọ àsìkò yàn. Ó dúró lórí àpótí, ó wọ aṣọ oníbàárà kan tó bá a mu, ìyá rẹ̀ aránṣọ sì kúnlẹ̀ nídìí rẹ̀, ó ń ṣẹ́ etí aṣọ náà, píìnì kún ètè rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ìgbà tí obìnrin yìí bá fi píìnì sẹ́nu nìkan lèèyàn lè bá a sọ̀rọ̀ kó má gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ṣọ́ọ̀bù yìí, èmi kọ́ ni màá jogún ẹ̀. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá gbàgbé ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fẹ́ pariwo, ó fa èémí sínú, ni píìnì kan bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ. Àwọn yòókù dà sílẹ̀. Ojú rẹ̀ ràn, ó di ọrùn ara rẹ̀ mú, ohùn ò jáde.

"Yéè! Màámi!"

Ọmọ bẹ́ sílẹ̀, aṣọ ya fàà. Ó tẹ ìyá rẹ̀ síwájú, ó gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a. Ìyá wúkọ́ kíkan, píìnì náà sì fò bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì. Àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀, wọ́n dì mọ́ra wọn.

"Mi ò lọ mọ́," ọmọ ń sunkún. "Ká ní mi ò sí níbí ńkọ́?"

Ohun tí ìyá ti ń fẹ́ gbọ́ nìyẹn, ó sì dé láìnáwó láìnára. Kó kàn dákẹ́, kó máa wúkọ́ díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà ò ní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láéláé. Ó wo ọwọ́ ọmọ náà. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyìí ò gbọ̀n rárá nígbà tó ń gbá a lẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn pé òun ṣì ń mí, ó dùn débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ká ní o ò sí níbí," ó fi ohùn híha wí, "ta ni ì bá bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tí píìnì wà lẹ́nu mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ láàárín ẹkún.

"Lọ, ọmọ mi. Bí o ṣe gbà mí là yìí, lọ gba ọmọ ẹlòmíì là. Àmọ́ bọ́ aṣọ aláṣọ yẹn ná, jẹ́ kí n rí ibi tó ya."