Ìfìdírẹmi Tí Kò Dun Ẹnikẹ́ni ní Omaha

Èmi Tobin ló ń ṣọ́lé fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Omaha ní Amẹ́ríkà lọ́dún tí wọ́n nà wá lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án tẹ̀ léra. Lọ́jọ́ tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹsàn-án, góòlù mẹ́rin ni wọ́n gbá wọlé mi. A ò tíì bọ́ bàtà tán tí písà fi dé yàrá ìwọṣọ, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa sì ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan nínú fóònù.

Garrett Lindqvist ò rẹ́rìn-ín. Ọmọ Omaha ni, àmọ́ ọdún mọ́kànlá ló fi gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì kó tó padà wálé. Ó gbé páálí písà, ó dà á sínú agbọ̀n ìdọ̀tí.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Colby, balógun wa, bi í. "Ṣé ìwọ lo rà á ni?"

"Góòlù mẹ́rin ò tíì yó yín?" Garrett dáhùn. "Lọ́dún tí ẹgbẹ́ wa já sí ìpele kejì ní Jámánì, obìnrin tó ń fọ aṣọ wa pàdánù iṣẹ́ ẹ̀. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó ń wojú wa níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti lè gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni ń ṣeré mọ́."

"Jámánì, Jámánì," Colby ní. "Bí wọ́n bá ṣì ń fẹ́ ẹ níbẹ̀, ṣé ọ̀dọ̀ wa lo máa wà?"

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Ọ̀gbẹ́ni Holcomb tó ni ẹgbẹ́ bá wa. Ó gbá wa léjìká lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ní Amẹ́ríkà níbí, kò sí ẹgbẹ́ tó ń já sí ìpele kejì. Tá a bá tiẹ̀ gbẹ́yìn, àwa ni wọ́n máa jẹ́ ká kọ́kọ́ ṣa agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ̀ ń ba bọ́ọ̀lù jẹ́," Garrett sọ fún un lójúkojú. "Ẹni tó kẹ́yìn lẹ̀ ń fún lẹ́bùn. Ọ̀lẹ lẹ̀ ń sìn bí ẹni ń sin adìẹ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Yúróòpù fi ń fi wá ṣẹ̀sín."

Ojú Holcomb pọ́n. "Inú ilé mi lo ti ń bú mi?"

"Ẹ lé mi nígbà náà. Ó kéré tán, iṣẹ́ ẹnì kan á bọ́ nítorí ìyà tí wọ́n fi jẹ wá."

Wọ́n lé e lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Mo bá a níbi tó ti ń kó ẹrù sínú ọkọ̀. Mo fẹ́ kí i pé ó dàbọ̀, àmọ́ ó ti ń wò mí.

"Tobin, o ò fò sí góòlù kẹta yẹn."

"Ó ti kọjá mi."

"O rí i kó tó kọjá ẹ. O mọ̀ pé kò sóhun tó máa tẹ̀yìn ẹ̀ yọ, o wá dúró."

Mo bú u. Mo bú ìyá ẹ̀ mọ́ ọn. Ó wakọ̀ ẹ̀ lọ, mo ṣì ń bú u.

Ipò ìkẹyìn la parí sí. Holcomb yan ẹran fún gbogbo olólùfẹ́ ẹgbẹ́ wa ní pápá, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún wa. Ó fi ọdún méjì kún àdéhùn mi, mo fọwọ́ sí i. Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Garrett níwájú mi, ńṣe ni mo máa ń dìde kúrò níbẹ̀.