Abẹ́rẹ́ Ojú Adágún

Iṣẹ́ mi ni kí n gba àbá ará ìlú lórí ojú irin tí ìjọba fẹ́ là káàkiri agbègbè wa. Máàpù ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ dúró ládùúgbò rẹ̀ á gún abẹ́rẹ́ olórí pupa síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo bá abẹ́rẹ́ kan láàárín adágún omi. Ta ló ń fi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ mi ṣeré? Mo yọ ọ́ dànù. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti di méje, omi sì ń kán lára wọn. Inú bí mi. Mo yọ gbogbo wọn, mo ti ilẹ̀kùn pa, mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé.

Mo rojọ́ fún ìyá mi. Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

“Kí wọ́n tó sé odò tó di adágún yẹn, abúlé wa ló wà níbẹ̀. Ìjọba ní ká kó jáde. Màmá mi kọ̀, wọ́n ní àwọn ò lọ síbì kankan.”

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, òkú kì í wọkọ̀.”

“Ṣé o ti bi wọ́n?”

Lọ́jọ́rú, èmi fúnra mi ni mo ṣílẹ̀kùn. Àwọn abẹ́rẹ́ náà ti tò tẹ̀ léra láti etí adágún, wọ́n gba ẹ̀yìn ọjà, wọ́n kọjá níwájú ọ́fíìsì wa. Mo fi ìka tọ̀ wọ́n. Èyí tó kẹ́yìn wà lórí ilé wa.

Mo sáré pe ìyá mi lórí fóònù. “Màámi, ẹ má ṣílẹ̀kùn fẹ́nikẹ́ni o!”

“O ò tètè sọ,” ni wọ́n dáhùn. “Ìyá àgbà ẹ ti jókòó. Aṣọ tí màá fi nulẹ̀ ni mò ń wá.”