Táńkì Onípele Mọ́kànlá

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 2019, Jorunn ìyàwó mi kú. Ọdún méjìdínláàádọ́ta la fi gbé pọ̀. Àìsàn náà kò ju oṣù mẹ́rin lọ.

Ọkọ̀ ojú omi wa wà nínú ahéré etí omi nígbà náà, mo ti tú u palẹ̀ láti ìgbà ooru tó ṣáájú. Kì í ṣe ọkọ̀ ńlá. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́tàlélógún ni, fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan ló sì ń tì í. Táńkì onírin tó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ ti dípẹtà títí ó fi lu. Mo gé e jáde, mo ní n ó fi fáíbà ṣe òmíràn, nítorí fáíbà kì í dípẹtà. Nígbà tí Jorunn kú, n kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sílẹ̀, Gunnvor. Ojúgbà ni èmi àti Gunnvor, ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wá. Àga kan náà la jọ jókòó sí nílé ìwé, nítorí náà kò sí ìtẹríba kankan láàárín wa. Orí Teistholmen ni wọ́n bí òun àti Jorunn sí, erékùṣù kékeré kan tí ọkọ̀ mi ń fi wákàtí kan ààbọ̀ dé. Ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé inú rẹ̀ láti ọdún 1961. Lọ́dọọdún, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹfà tó ṣáájú àjọ̀dún Jòhánù Mímọ́, nígbà tí gbogbo etí òkun bá ń dáná, èmi ni mo máa ń wa àwọn méjèèjì lọ síbẹ̀. Wọn a dá iná tiwọn, wọn a mu kọfí, a ó sì padà. Lọ́dún tó ṣáájú, a kò lọ, nítorí táńkì.

Ní oṣù kẹrin, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé sí Gunnvor. Wọ́n ti rí yàrá fún un ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, kí ó wọlé ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́. Ọ̀pá méjì ló fi ń rìn, dókítà sì ti sọ fún un pé kí òtútù tó dé, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni yóò máa wà. Ó ka ìwé náà fún mi nídìí tábìlì mi, ó ká a, ó fi í sábẹ́ ife kọfí.

"Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tẹ Teistholmen lẹ́ẹ̀kan sí i," ó wí. "Ọdún yìí ni. Tó bá di ẹ̀ẹ̀mí-ìn, okùn lẹ máa fi sọ̀ mí kalẹ̀ bíi màlúù."

"Màá gbé ẹ lọ."

"Nínú ọkọ̀ wo?"

"Ọkọ̀ wa."

Ó gba ojú fèrèsé wo ahéré. "Ìyẹn èyí tó nihò nínú," ó wí, ó sì bu ṣúgà sí kọfí rẹ̀.

Arnstein ló kọ́ mi ní iṣẹ́ fáíbà. Ilé rẹ̀ ló kángun sí tèmi. Ó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi rí fún ọdún mẹ́ta, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá yàrá ẹ́ńjìnnì nínú ọkọ̀ ojú omi akérò tó ń gba etí òkun wa kọjá, kí ó tó lọ sí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀. Títí di òní, ọ̀gá ló ń pè mí. Ohùn tó fi ń pè é kì í ṣe ohùn ẹni tó ń bẹ̀rù.

"Ẹ kan àpótí pákó tó rí bí inú táńkì ṣe máa rí," ó wí. "Ẹ fi ọ̀rá wé e, ẹ fi ìda pa á, kó má bàa lẹ̀. Ẹ wá tẹ́ aṣọ fáíbà lé e, ẹ fi oje tó máa ń le bí òkúta rẹ ẹ́, ẹ fi rólà lé afẹ́fẹ́ jáde. Tó bá le, ẹ tún tẹ́ òmíràn. Ẹ wò ó, ọ̀gá, pákó kì í sanra. Fáíbà máa ń sanra, ìta ló sì máa ń sanra sí. Ìpele márùn-ún ti tó. Ẹ yọ ìwọ̀n ìpele márùn-ún kúrò lára àpótí yín, ẹ má wá fi ẹ̀kẹfà lé e."

Mo ṣe bó ti wí. Àárín egungun ọkọ̀ méjì ni táńkì náà yóò jókòó sí, egungun tó gbé ọkọ̀ ró, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé. Mo wọn àyè náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo yọ ìwọ̀n ìpele márùn-ún, mo kan àpótí náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù karùn-ún, mo tẹ́ ìpele àkọ́kọ́, mo sì fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ rẹ̀ sára ògiri, bí mo ti ṣe fún gbogbo ìyókù.

Àràárọ̀ ni Gunnvor ń wá wò mí. Ó ní kí n gbé àga òun sí ẹnu ọ̀nà, nítorí oje náà ń rùn. Ó máa ń mú ìbọ̀sẹ̀ tó ń hun lọ́wọ́.

"Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Mò ń lé afẹ́fẹ́ jáde."

"O ti ń lé e látàárọ̀. Kí ló fi ṣe ẹ́?"

Ìpele márùn-ún pé ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún. Mo fi ọwọ́ pa á kiri, mo rí ibì kan tí afẹ́fẹ́ ti wú u bíi hóró ìrẹsì. Mo fi sánpépà ha á, mo tẹ́ ìpele kẹfà. Ní ọjọ́ kejì, mo tún rí òmíràn.

"Ìkeje nìyẹn," Gunnvor wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ọjọ́ keje ni Ọlọ́run sinmi."

"Ọlọ́run ò ṣe táńkì."

"Òótọ́ ni. Ká ní ó ṣe é ni, a ò bá tíì dáyé."

Arnstein yọjú nígbà tí ìkẹjọ ń gbẹ. Ó fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀mejì. "Ọ̀gá, ṣé ogun ń bọ̀ ni? Ta ló fẹ́ yìnbọn lu dísẹ́ẹ̀lì yín?"

Mo ní kí ó má fi ọwọ́ kan iṣẹ́ tí kò tíì gbẹ.

N kò ní ṣe àwáwí. Nígbà tí ènìyàn bá ń tẹ́ fáíbà, kò lè máa ronú. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, oje á ti le mọ́ búrọ́ọ̀ṣì ẹni tó bá dúró ronú. Bí mo bá sì parí, inú ilé ni mo ní láti wọ̀. Nítorí náà, mo tẹ́ ìkẹsàn-án, mo tẹ́ ìkẹwàá, mo tẹ́ ìkọkànlá.

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹfà, táńkì náà pé tìdérítìdérí. Arnstein dí gbogbo ẹnu rẹ̀ àfi ọ̀kan, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, ó so bàlúùnù pupa kan mọ́ èyí tó kù, irú èyí tí wọ́n ń fi ṣe ọjọ́ ìbí ọmọdé. Bí bàlúùnù náà bá ṣì wú lọ́jọ́ kejì, táńkì kò jò nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó wú ṣinṣin.

"Ẹ kú oríire," Gunnvor wí. "Ọmọ ọdún mélòó ni?"

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejìlélógún, èmi àti Arnstein gbé táńkì náà lọ sínú ọkọ̀. Ó wúwo ju bí mo ti rò. A sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́ sí àyè rẹ̀. Kò wọlé. Ó gúnlẹ̀ sórí egungun méjèèjì bí ẹni jókòó sórí àga. A yí i padà, ibì kan náà ló dúró sí. Arnstein mú ìwọ̀n jáde, ó wọ̀n ọ́n, ó fi ìwọ̀n padà sápò.

"Ìpele mélòó lẹ tẹ́, ọ̀gá?"

Ó lè kà á lára ògiri.

Gunnvor ké sí wa láti ẹnu ọ̀nà. "Ṣé ó ti wọlé?"

Arnstein tún fa ìwọ̀n yọ lápò.

"Ó dáa," ó wí. "Ẹ jẹ́ n gbé kọfí sí i."

A mu kọfí náà lórí ìdúró. Mo ní n ó kan àpótí mìíràn. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ lọ́la, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni.

"Ní ọ̀sẹ̀ méjì," Gunnvor wí, "àwọn tí n ò mọ̀ rí ni màá máa bá jẹ oúnjẹ alẹ́ ní aago márùn-ún ọ̀sán."

"Màá wá mú ẹ níbẹ̀."

"Wọ́n á fi kẹ̀kẹ́ tì mí fún ẹ. O sì mọ bí òkúta ibẹ̀ ṣe rí."

Arnstein ní, "Gunnvor, ọkọ̀ tèmi wà nílẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú, ẹ ti débẹ̀."

"Mo ti rí bí ọkọ̀ ẹ ṣe ń sáré. Èmi á dé Teistholmen, fìlà mi á dé òdì kejì òkun. Ọkọ̀ tí Jorunn máa ń jókòó sí ni mò ń bá lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Mo gbé ife mi kalẹ̀.

Arnstein jáde. Nígbà tó padà dé, kẹ́ẹ̀gì ogún lítà kan tó kún fún dísẹ́ẹ̀lì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀pá rọ́bà méjì kọ́ ọrùn. "Ọ̀kan á máa fa epo lọ sínú ẹ́ńjìnnì, ìkejì á máa dá àṣẹ́kù padà. Ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ bóyá inú táńkì lòun ti ń mu tàbí inú kẹ́ẹ̀gì."

"Kò bófin mu," mo wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kọ̀wé ìbáwí sí mi lórí ẹ̀ lọ́dún 1994, nígbà tí mo ṣe é nínú ọkọ̀ akérò. Ìwé yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ojú ewé méjì."

Gunnvor gbé ojú sókè. "Ojú ewé méjì, torí kẹ́ẹ̀gì?"

"Ó ṣàlàyé dáadáa," Arnstein wí.

Òótọ́ ni. Mo tilẹ̀ lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Gbogbo ọdún tí mo fi wà nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, n kò jẹ́ kí epo kan gbé inú ohun tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Mo wo kẹ́ẹ̀gì náà. Mo wo Gunnvor, tó ń wo ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kí ó má bàa wò mí.

"Lọ mú okùn wá," mo sọ fún Arnstein. "Èyí tó dáa."

Èmi fúnra mi ló de kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ àárín egungun méjèèjì. Ó gbà mí ní wákàtí kan.

"Ìpele mélòó nìyẹn?" Gunnvor bèèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹtàlélógún, a ti ọkọ̀ sómi, èmi àti Gunnvor sì wọ̀ ọ́. Ẹ́ńjìnnì náà kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó gbà. N kò gbé ojú kúrò lára kẹ́ẹ̀gì títí a fi kọjá ẹnu èbúté. Lójú ọ̀nà, Gunnvor ju ìwọ̀ sómi, ó sì pa ẹja mẹ́ta. Ó ní òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo bọ́ òun.

Ní Teistholmen, mo di ìgbànú kóòtù rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ó fi ọ̀pá kan síwájú, ó fi ìkejì tẹ̀ lé e, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó gbé tòsì. Ó dúró lórí òkúta náà fún ìgbà díẹ̀, èémí rẹ̀ ń yára.

"Ó parí," ó wí. "O lè fi ìgbànú mi sílẹ̀."

A dáná, a sun ẹja, a mu kọfí. Iná àwọn ẹlòmíràn ń tàn káàkiri etí òkun. Gunnvor fi ọ̀pá rẹ̀ ti igi kan wọ inú iná.

"Ìpele márùn-ún ni Arnstein sọ, Oddmund."

"Afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀."

"Afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀," ó tún un wí, bí olùkọ́ wa ṣe máa ń tún ìdáhùn mi wí. Ó wá ní, "Láti oṣù kejì, mo ti hun ìbọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógún. Ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní, àwọn náà ò sì dáa."

Mo bu kọfí kún ife rẹ̀.

Nígbà tí ó tó àkókò, ó dìde fúnra rẹ̀, a sì padà sínú ọkọ̀. Ohun tí a fi sílẹ̀ ní Teistholmen nìwọ̀nyí:

Eérú iná kan, tí kò ju ìbú àwo lọ.
Orí ẹja mẹ́ta, fún àwọn ẹyẹ òkun.
Ìdérí ìkòkò kọfí, tó yí wọ pàlàpálá òkúta, tí ọwọ́ mi kò tó.
Bọ́tìnì dúdú kan láti ara kóòtù Gunnvor.
Ègé búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan tí a fi bọ́tà àti ṣúgà sí, irú èyí tí Jorunn máa ń jẹ níbẹ̀, lórí òkúta níwájú ẹnu ọ̀nà ilé wọn, tí Gunnvor kò jẹ́ kí n mú.
Páálí ìṣáná kan lábẹ́ àwókù àjà ilé, níbi tí òjò kò lè dé. Mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀.